Kí Ni Akíndúró Mu?

Ní Ogunu, ní ìlú Warri, ní ọdún tí ìbọn ń dún tí kónílé-ó-gbélé sì ń lé tọmọdé tàgbà wọlé bí adìyẹ, Alága Dúrótoyè wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìjọ, ó gbé ìgò oògùn ikọ́ méjì tó ṣófo ka orí tábìlì, ó sì ní kí wọ́n pe ìyàwó Akíndúró wá fún òun. Ìta ń hó. Eré kẹ̀kẹ́ àlàáfíà tí Ẹgbẹ́ Ọmọ Yorùbá ṣe láti Ugbolokposo wá sí Ogunu ti parí, Akíndúró ẹlẹ́ja, tó ti ní ọmọ-ọmọ, ló kọ́kọ́ dé. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fi ṣe ẹ̀bùn ṣì wà nínú páálí rẹ̀, torí Alága, olórí ẹgbẹ́ náà tó tún jẹ́ adájọ́ eré, ní òun ò tíì kéde ẹnikẹ́ni.

Ìkúnayọ̀ wọlé, òórùn ẹja yíyan sì tẹ̀lé e wọlé. Ọmọ Ìlàjẹ ni. Ohùn rẹ̀ ni ohùn ẹni tó ti ń bá ará òdìkejì odò sọ̀rọ̀ láti kékeré. Láti àárọ̀ ló ti ń wo páálí yẹn. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ jóná pẹ̀lú ilé wọn nígbà tí ìjà dé abúlé wọn lórí omi, inú gbọ̀ngàn ìjọ yìí gan-an sì ni òun àti ọkọ àti ọmọ ń sùn láti ìgbà náà, lórí ẹní, láàárín bẹ́ǹṣì. Akíndúró tí í pa ẹja tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń ra ẹja ẹlòmíì létí Port, èbúté ọkọ̀ ìlú náà, tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé e kiri. Bí ẹ́ńjìnnì yìí bá lè bọ́ sí wọn lọ́wọ́, wọ́n ti padà sódò nìyẹn.

“Ẹ kú ìjókòó o, Alága. Wọ́n ní ẹ pè mí. Ṣé kí n ti wá ẹni tó máa bá mi gbé e?”

“Gbé kí ni?”

“Ẹ́ńjìnnì wa.”

“Jókòó.” Alága yọ awò ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó tún un wọ̀. “Ìkúnayọ̀, ọ̀rọ̀ yìí lágbára o. Jẹ́wọ́ fún mi, kí n lè mọ bí n ṣe máa bò ó. Kí ni ọkọ rẹ mu?”

“Láàárọ̀ yìí?”

“Láàárọ̀ yìí.”

“Gàrí.”

“Gàrí àti kí ni?”

“Àti omi. Ṣé a ń mu gàrí láìsí omi ni?”

“Gàrí àti omi!” Alága rẹ́rìn-ín ẹni tó mọ̀. “Gàrí àti omi kọ́ ló gbé bàbá arúgbó tí í fọwọ́ di ìbàdí kó tó dìde kọjá lára ọmọ ogún ọdún. Oògùn ni!”

“Oògùn kẹ̀? Ara rẹ̀ yá, Alága. Kò lo oògùn kankan láti ìgbà tí ibà ti fi í sílẹ̀.”

“Ta ló ń sọ ti ibà? Oògùn eré! Èyí tí àwọn òyìnbó ń fi gun kẹ̀kẹ́!”

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí. Nígbà tí kónílé-ó-gbélé ti gbogbo ìlú mọ́lé, àwọn kan kọ́ ayò títa, àwọn kan bímọ sí i, Alága ní tirẹ̀ ra dííṣì satẹ́láìtì. Inú dííṣì yìí ló ti rí eré kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Faransé, níbi tí àwọn géńdé tó wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan ti ń gun òkè lójoojúmọ́ bí ẹni pé wọ́n jẹ òkè ní gbèsè. Láti ìgbà náà, kò sí ohun tí ẹnì kan lè sọ nípa kẹ̀kẹ́ tí Alága ò mọ̀ jù ú lọ. Òun fúnra rẹ̀ kì í gun kẹ̀kẹ́ o. Akọ̀wé àgbà ni nílé iṣẹ́ Ọ̀gá Elisha, tó ń bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù jáde ní Port, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ló sì ń gbé e lọ, tó ń gbé e bọ̀.

“Gbọ́ mi dáadáa,” Alága fa àga súnmọ́ ọn. “Ní Faransé, wọ́n ń fa ẹ̀jẹ̀ pamọ́ sínú fìríìjì. Bó bá di ọjọ́ òkè, wọ́n á dá a padà sára.”

“Ẹ̀jẹ̀ ta ni?”

“Ẹ̀jẹ̀ tiwọn.”

“Wọ́n jí ẹ̀jẹ̀ ara wọn?”

“Wọn ò jí i! Wọ́n tọ́jú ẹ̀ ni.”

“Wọ́n tọ́jú ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n wá dá a padà fún ara wọn.”

“Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.”

“Ta ni wọ́n wá ṣẹ̀, Alága?”

“Ẹ̀jẹ̀ yẹn ti pọ̀ jù lára wọn nìyẹn! Agbára ló ń fún wọn! Kì í ṣe ohun tí ọmọlúàbí ń ṣe!”

Ìkúnayọ̀ mi orí. “Fìríìjì wo ni Akíndúró fẹ́ ti rí? Iná tí wọ́n mú lọ níjẹta ò tíì dé. Ẹja gan-an ń bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ká má tíì sọ ti ẹ̀jẹ̀.”

Alága rí i pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti dí. Ó gba ọ̀nà mìíràn.

“Abẹ́rẹ́ ńkọ́?”

“Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà á. Ìgbà tí àwọn nọ́ọ̀sì wá fún àwa tí ń sùn ní gbọ̀ngàn ní abẹ́rẹ́, abẹ́ pẹpẹ ni wọ́n ti fà á jáde. Ó ní àdúrà lòun ń gbà.”

“Gbogbo wọn ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó máa lò ó tó máa ní òun lò ó.”

“Ẹni tí kò wá lò ó ńkọ́, kí ló máa ń sọ?”

“Òun náà á ní òun ò lò ó.”

“Báwo lẹ ṣe wá ń mọ̀ wọ́n yàtọ̀?”

“Ojú!” Alága fi ìka méjì tọ́ka sí ojú ara rẹ̀. “Mo ń wo ojú wọn ni. Àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ ní Faransé yẹn, olè ni wọ́n, gbogbo wọn pátá.”

“Àti ẹni tó ń gba ipò kìíní?”

“Ẹlẹ́wù yẹ́lò? Rárá o! Ìyẹn ò fọwọ́ kàn án.”

“Ẹ ti bá a sọ̀rọ̀ rí?”

“Mo ti rí i ní tẹlifíṣọ̀n, ojú kojú. Òun ni mo ń tì lẹ́yìn. Iṣẹ́ àṣekára ni tiẹ̀.”

“Bí ẹlòmíì bá wá borí ẹ̀ lọ́la ńkọ́?”

“Oògùn ni!”

Ìkúnayọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ẹni tó máa ń yan ẹja ló jẹ́, kì í kánjú yí ọ̀rọ̀ padà kó tó jinná.

“Ó ti yé mi báyìí. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ràn ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ẹ ò bá fẹ́ràn ń lo oògùn. Ta wá lẹ fẹ́ràn nínú eré tiwa?”

Alága wúkọ́. “Adájọ́ kì í fẹ́ràn ẹnikẹ́ni.”

“Ta ló ṣe ipò kejì?”

“Ọmọkùnrin kan báyìí ni. Olúṣínà.”

“Olúṣínà ọmọ ẹ̀gbọ́n yín?”

“Lónìí, mi ò mọ̀ ọ́n rí.”

“Áà, Alága! Kí ni Olúṣínà fẹ́ fi ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe? Omi ń bà á lẹ́rù bí ejò. Ọjọ́ ìrìbọmi rẹ̀, ìgbà tó rí odò ló ní òun ò dẹ́ṣẹ̀ rí.”

Kí Alága tó dáhùn, ariwo gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹnì kan níta ń ké pé, “Baba don chop something!” Ẹlòmíì dá a lóhùn pé, “Which something? Na fish!” Ẹ̀rín sọ.

“Ṣé o gbọ́ ọ?” Alága na ọwọ́ sí fèrèsé. “Gbogbo ìlú ló ń fura.”

“Ìlú tí wọ́n ti ń sọ pé ọta ìbọn ò ran àwọn kan? Kí ni wọn ò lè fura sí níbẹ̀?”

“Ó dáa, sọ fún mi. Àwọn òyìnbó ní olùkọ́, wọ́n ní dókítà, wọ́n ní ẹni tó ń bá wọn wọ́ ẹsẹ̀ lálaalẹ́. Ta ló kọ́ ọkọ rẹ ní eré?”

“Ṣọ́jà ni.”

Alága dìde dúró. “Ṣọ́jà! O gbọ́ nǹkan tó o sọ? Oògùn ológun ló wá ń lò!”

“Ẹ fara balẹ̀. Ṣọ́jà tó wà ní oríta ni mò ń wí. Ó ní ẹni tí òun bá bá níta lẹ́yìn kónílé-ó-gbélé, orúnkún lónítọ̀hún máa fi rìn délé. Bí oòrùn bá ti fẹ́ wọ̀ tí Akíndúró ṣì wà létí Port, eré tó máa ń sá bọ̀, pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ ẹja lẹ́yìn, ẹ ò rí irú ẹ̀ rí. Lónìí kò gbé ẹja, kò sẹ́ni tó ń lé e, ilẹ̀ sì mọ́. Ó ní ńṣe ló dà bíi pé òun ń gbafẹ́.”

Alága jókòó padà. Ó bojú wo abẹ́ tábìlì, ojú rẹ̀ sì tàn. Ó fa ìgò oníke kékeré kan jáde, ohun dúdú kan tó ki wà nínú rẹ̀.

“Kí wá lèyí? Mo yọ ọ́ lára kẹ̀kẹ́ ọkọ rẹ fúnra mi.”

Ìkúnayọ̀ sún síwájú lórí àga. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi níyẹn. Nǹkan Akíndúró ni, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.”

“Ahá! Ojú ti ń yí! Inú ìgò ni àṣírí wà!”

“Alága, ẹ má ṣí i o, ó jẹ́—”

“Má sọ ọ́! Bó o bá sọ ọ́ fún mi, àyẹ̀wò ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹnu mi yìí ni ẹ̀rọ.” Kí Ìkúnayọ̀ tó nawọ́, Alága ti ṣí ìgò, ó ti gbé e sẹ́nu, ó mu ìdajì. Ó fún ojú pọ̀. Ó dì mọ́ etí tábìlì.

“Yéè!” ni Ìkúnayọ̀ wí.

“Dákẹ́. Ó ń sọ̀kalẹ̀. Ó gbóná… ó ti dé àyà… Ìkúnayọ̀, ó ti dé orúnkún mi! Orúnkún tó ti ń dùn mí láti ọjọ́ pípẹ́, wò ó!” Alága gbé ẹsẹ̀ kan sókè, ó gbé e sílẹ̀, ó gbé ìkejì. “Agbára! Bí wọ́n bá gbé kẹ̀kẹ́ fún mi báyìí, Sapele ni mo máa ti bọ́ sílẹ̀! Jẹ́wọ́, ewé ni àbí ti òyìnbó?”

“Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni.”

Ẹsẹ̀ kan Alága ṣì wà lókè.

“Kí lo wí?”

“Ọ́ìlì. Tó ń kán sí ṣéènì kẹ̀kẹ́.”

Alága fi áńkáṣíìfù nu ahọ́n, ó fi agbádá nù ún, ó tún wo yàrá yíká bóyá ohun mìíràn wà tó lè fi nù ún. Ìkúnayọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ìgò tó ti dín kù yẹn ló gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó sì dùn ún dé ọkàn.

“Èmi àti ẹ̀ la jọ lọ rà á, a fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì wa lọ́jọ́ kejì. Ọ̀yẹ̀ ọjọ́ kejì yẹn ni wọ́n wá. Ẹ́ńjìnnì jóná, ilé jóná, àwọ̀n jóná. Èyí nìkan ló kù, torí inú àpò mi ló wà nígbà tí a bẹ́ sómi. Ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan ló ń fi sí ṣéènì. Ó ní ọjọ́ tí Ọlọ́run bá tún fún òun ní ẹ́ńjìnnì, èyí tó bá ṣẹ́kù nínú ẹ̀ lòun máa kọ́kọ́ bù sí i. Ẹ ti wá mu ún, Alága.”

Alága ò mọ ibi tó máa kọjú sí. Fún ìṣẹ́jú kan, ó jọ ẹni tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n oyè alága wúwo, kò jẹ́ kó lè tẹ̀.

“Ó ku ìtọ̀,” ló wí.

“Ìtọ̀ kí ni?”

“Kí ọkọ rẹ tọ̀ sínú ìgò méjì yìí. Àkọ́kọ́ fún àyẹ̀wò, ìkejì bí ẹnikẹ́ni bá jiyàn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Faransé nìyẹn.”

“Ìgò méjì! Ṣé ẹ fẹ́ máa tà á ni? Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?”

“À á fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó.”

“Ọ̀nà wo ló máa gbà? Ẹja tí èèyàn ń jẹ ò rí ọ̀nà kọjá lọ́dọ̀ ṣọ́jà, ìtọ̀ Akíndúró ló máa rí ọ̀nà kọjá?”

“Bó bá di kàráǹgídá, mo ní imú.”

“Ẹnu ti mu ọ́ìlì, imú ló kù! Alága, ẹ yé é. Ọkọ mi ò ní tọ̀ sí ìgò kankan níṣojú àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀.”

“Á jẹ́ pé kò ní gba ẹ́ńjìnnì.” Alága lu tábìlì, ìgò méjèèjì fò. “Àbí kí ìwọ fẹnu ara rẹ sọ fún mi: báwo ni ọkùnrin ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta ṣe yára ju Olúṣínà lọ?”

“Ta ló ní ó yára jù ú lọ?”

“Hẹ̀n?”

“Olúṣínà yára jù ú. Gbogbo ọmọ yẹn ló yára jù ú. Láti Ugbolokposo ni wọ́n ti ń kọjá lára rẹ̀ fìà fìà. Akíndúró fúnra rẹ̀ sọ ọ́ pé òun rò pé òun lòun máa gbẹ̀yìn.”

“Báwo ló ṣe wá ṣíwájú wọn?”

“Wọ́n ń kí èèyàn.”

Alága wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá mọ́.

“Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ pàṣẹ ni?” Ìkúnayọ̀ bá a ṣàlàyé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń yọ eegun ẹja fún ọmọdé. “Ẹ ní àwọn ọmọ tí a bí sí Warri ò mọ àgbà mọ́, ẹ ní ‘How far, Papa’ ni wọ́n fi ń kí ẹni tó bí bàbá wọn. Ẹ wá fi àgbà kọ̀ọ̀kan sábẹ́ agbòòrùn ní gbogbo oríta. Ẹ ní ọmọ tó bá jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kọjá níwájú ẹni tó jù ú lọ, ẹ ti yọ ọ́ kúrò nínú eré.”

“Bẹ́ẹ̀ ni! Ẹ̀kọ́ ilé ṣáájú eré!”

“Àwọn ọmọ náà gbọ́. Bí Olúṣínà bá dé oríta, á sọ̀kalẹ̀, á fi kẹ̀kẹ́ ti ògiri, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àgbà á wá bi í pé, ‘Màmá rẹ ńkọ́? Ṣé ọrùn tó ń dùn wọ́n ti san? Ọmọ ta ni èyí tó dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yìí?’ Bàbá Bọ́dúnrìn tó wà ní oríta kẹta ní àfi kóun gbàdúrà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí wọ́n wà lórí àmín, Akíndúró dé.”

“Kò sọ̀kalẹ̀?”

“Kó sọ̀kalẹ̀ kí ta ni? Òun ló dàgbà jù nínú gbogbo wọn. Àwọn àgbà gan-an ló ń dìde nílẹ̀ fún un: ‘Ẹ kú eré o, ẹ̀gbọ́n!’ Á juwọ́ sí wọn, á máa lọ. Ara rẹ̀ balẹ̀.”

Alága ń rí òfin ara rẹ̀ tó jókòó sí iwájú rẹ̀, tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ọmọ Ìjẹ̀bú kì í sì í fi ẹjọ́ sílẹ̀ nígbà tí ilé ẹjọ́ ò tíì tú ká.

“Dúró ná,” ló wí. “Èmi fúnra mi ni mo wà ní oríta tó kẹ́yìn.”

“Lóòótọ́ ni. Lórí àga onítìmùtìmù.”

“Olúṣínà sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi.”

“Ó sì ṣì wà níwájú Akíndúró nígbà yẹn. Ẹ ní àyà rẹ̀ ò kanlẹ̀ dáadáa, ẹ ní kó tún un ṣe.”

“Má wulẹ̀ dé ibẹ̀ yẹn. Akíndúró ńkọ́? Lójú mi báyìí, kò sọ̀kalẹ̀! Ó juwọ́ sí mi!”

“Ó juwọ́. Ó tún rẹ́rìn-ín sí i.”

“Ó ti rú òfin!” Ohùn Alága padà dé gbogbo rẹ̀. “Fi ti oògùn sílẹ̀. Àfojúdi ni! Mo ju ọkọ rẹ lọ!”

“Ẹ jù ú lọ?”

“Mo fi ọdún gbọọrọ jù ú lọ! Nígbà tí a gba òmìnira, kí ni ọkọ rẹ jẹ́?”

“Ọmọ ilé ìwé ni. Wọ́n fún wọn ní bisikíìtì, wọ́n fún wọn ní asíá kékeré. Ó ṣì máa ń sọ bí bisikíìtì yẹn ṣe dùn tó.”

“Ó ń jẹ bisikíìtì! Èmi ti láya nílé! Mo ti di akọ̀wé ní ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, mo ti ń gba owó oṣù, mo ti ń fá irùngbọ̀n! Kí ọmọ tó ń jẹ bisikíìtì jókòó sórí kẹ̀kẹ́ kó máa juwọ́ sí mi? Mo ti yọ ọ́. Olúṣínà ló ni ẹ́ńjìnnì.”

Ìkúnayọ̀ rí odò tó ń sún sẹ́yìn, ó rí ẹní àti bẹ́ǹṣì gbọ̀ngàn. Omijé dé ojú rẹ̀, àmọ́ ohun kan ń yún un lọ́kàn, kò sì jẹ́ kó lè sunkún tán.

“Alága, ẹ máà bínú. Mi ò mọ ìṣirò. Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ẹ jáde síwájú pẹpẹ, ẹ ní ẹ pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Mo bá yín jó.”

Alága ká etí agbádá rẹ̀ sí èjìká.

“Èṣí, ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni wọ́n pè é. Mo bá yín jó nígbà yẹn náà. Mo rò pé etí mi ni kò gbọ́ dáadáa.”

“Rọra sọ̀rọ̀.”

“Akíndúró wá pé ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Bí ẹ bá wá fi ọdún gbọọrọ jù ú lọ, á jẹ́ pé ẹ ti kọjá—”

“Mo ní rọra sọ̀rọ̀!”

Alága wo fèrèsé. Abẹ́ fèrèsé yẹn gan-an ni Ọ̀gá Elisha jókòó sí, lábẹ́ àtíbàbà, ó ń mu mọ́ọ̀tì. Òun ló fi ẹ́ńjìnnì tọrẹ, òun náà ló ni ilé iṣẹ́ tí Alága ti ń jẹun. Gbogbo Warri ló mọ òfin rẹ̀: ọjọ́ tí òṣìṣẹ́ bá pé ọgọ́ta ọdún, á bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, á fún un ní aago ògiri, ó di ilé.

“Bí àwa ará odò ṣe ń sọ̀rọ̀ nìyí, Alága. Ẹ jẹ́ kí n bi Ọ̀gá Elisha, àwọn lọ̀mọ̀wé, wọ́n á bá wa ṣírò ẹ̀.” Ìkúnayọ̀ ti dìde, ó ń lọ sí ojú fèrèsé, kò sì sí ẹ̀tàn kankan nínú rẹ̀ nígbà tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. “Ọ̀gá! Ẹ dákun, nígbà òmìnira—”

“Ìkúnayọ̀! Jókòó! Jọ̀ọ́… ẹ jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, màmá.”

Ìkúnayọ̀ yíjú padà. Láti àárọ̀ ló ti ń jẹ́ “ìwọ”. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di “ẹ̀yin” nìyí. Ó wo Alága, ó wo fèrèsé, ó tún wo Alága. Ẹja ti jinná.

“Ẹ́ẹ̀n,” ló wí, ohùn rẹ̀ ò sì lọ sílẹ̀ rárá. “Ohun kan péré ni kí ẹ sọ fún mi. Ṣé ẹ ju ọkọ mi lọ, àbí ẹ ò jù ú lọ? Bí ẹ bá jù ú lọ, ẹ gba ẹ́ńjìnnì, àmọ́ ẹ jẹ́ ká jáde lọ sọ fún gbogbo èèyàn bí ẹ ṣe jù ú lọ tó.”

Láti ìta, ohùn Ọ̀gá Elisha wọlé: “Chairman! Wetin dey hold una?”

Òógùn bo Alága. Òórùn ọ́ìlì sì ń bọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

“Mi ò jù ú lọ.”

“Mi ò gbọ́ yín.”

“Mi ò jù ú lọ! Ẹ̀gbọ́n mi ni.”

“Ẹ̀gbọ́n yín ni. Nígbà tó wá kọjá lójú yín, ta ló yẹ kó dìde kí ẹnì kejì?”

“Èmi ni.”

“Ẹ dìde?”

“Mo jókòó.”

“Lórí kí ni?”

“Lórí àga onítìmùtìmù,” ni Alága wí, ó sì jáde.

Ojú fèrèsé ni Ìkúnayọ̀ ti wò ó. Alága gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní kò sí oògùn, kò sí màgòmágó, iṣẹ́ àṣekára ni, ojú ẹni tó ń lo oògùn kọ́ lojú Akíndúró, òun sì ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wá gbé etí agbádá, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹlẹ́ja. Orúnkún rẹ̀ dún, wọ́n gbọ́ ọ títí dé títì. Géńdé méjì ló fà á dìde. Àwọn èèyàn pariwo, “Area! Baba no carry last!” Akíndúró tẹ̀, ó gbá páálí ẹ́ńjìnnì mọ́ra, kò sì fẹ́ jẹ́ kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kódà láti bá a gbé e. Inú Ìkúnayọ̀ dùn, ó dùn débi pé ẹkún ló sun. Ó di ìgò ọ́ìlì tó ṣẹ́kù mọ́ etí ìró rẹ̀. Kò pọ̀ mọ́, àmọ́ ó tó bẹ̀rẹ̀.

Alága padà wọlé wá mú fìlà rẹ̀, ó fọwọ́ di ìbàdí.

“Ṣé ó ti tẹ́ yín lọ́rùn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi? Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yẹn… ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó pin sí yàrá yìí.”

“Ẹnu mi ò ní sọ ọ́, Alága.” Ìkúnayọ̀ mú ìgò oògùn ikọ́ kan lórí tábìlì, ó fi lé e lọ́wọ́. “Àmọ́ ẹ gba ìgò yín. Èṣí, méjìdínlọ́gọ́ta, ọdún yìí, mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ẹ tọ̀ díẹ̀ sí i, àbúrò wa, ká lè mọ nǹkan tí ẹ̀yin ń mu.”